Lẹ́yìn Ẹ Kú Ewu Ọmọ: Àtọ̀gbẹ Inú Oyún àti Ara Tó Ń Bá Ara Rẹ̀ Jà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá dá lórí obìnrin tí ṣúgà rẹ̀ lọ sókè nígbà tó wà nínú oyún, tó bímọ tayọ̀tayọ̀, tí ṣúgà náà sì wálẹ̀. Tẹbí tará kí i pé ẹ kú ewu ọmọ, òun náà dáhùn pé ewu iná kì í pa àwòdì. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ ni gbogbo ojú ń wò. Mo fẹ́ kí a yí ojú padà sí ìyá. Nínú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, àwọn díẹ̀ wà tí ṣúgà ìgbà oyún wọn jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé ara wọn ti ń bá ara rẹ̀ jà, ó sì ṣeé ṣe kí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó dúró rárá. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ láàárín àwọn yòókù, àìsàn tí à bá ti rí láti òkèèrè ni yóò bá wọn lójijì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì, búrẹ́dì, ṣúgà ni wọ́n ń dà nígbà tí wọ́n bá dénú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ni họ́mọ́ònù tó ń mú ṣúgà náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú iṣan, kí ara lè fi ṣe agbára. Ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas, ló ń pèsè rẹ̀. Tí oyún bá ti tó bí oṣù mẹ́fà, àwọn họ́mọ́ònù tí olóbì, ìyẹn ibi ọmọ, ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń dí ínsúlínì lọ́wọ́, kí ṣúgà lè tó ọmọ inú. Pancreas ìyá á wá máa pèsè ìlọ́po méjì, nígbà mìíràn ìlọ́po mẹ́ta, ohun tó ń pèsè tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá lágbára á ṣe é. Èyí tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, a ó sì ní obìnrin náà ní àtọ̀gbẹ inú oyún. Kí ló wá dé tí ti ẹnì kan fi ká a tí ti ẹlòmíràn kò fi ká a? Ibí ni ọ̀nà ti pín. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ, ínsúlínì kì í ráyè ṣiṣẹ́ dáadáa láti ilẹ̀ wá, ì báà jẹ́ nítorí ìsanra tàbí nítorí ohun tí wọ́n jogún. Àwọn wọ̀nyí ló sábà máa ń ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì lẹ́yìn ọ̀la. Lára àwọn díẹ̀, pancreas fúnra rẹ̀ ló ti ń dín kù. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àìsàn jà, ti ṣìnà, wọ́n kọjú ìjà sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ínsúlínì, wọ́n sì ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń fa àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní nìyẹn. Síbẹ̀ orí bẹ́ǹṣì kan náà ni obìnrin méjèèjì jọ ń jókòó sí ní kíláàsì aboyún, èsì àyẹ̀wò wọn jọra, ìmọ̀ràn kan náà ni nọ́ọ̀sì sì ń fún wọn. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mú àìsàn yìí kì í ṣe ohun tó le. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 oyún, obìnrin náà á fi ebi sùn mọ́jú. Ní àárọ̀ wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á po gíráàmù 75 gúlúkóòsì mọ́ omi fún un mu, ohun dídùn tó lè fẹ́ mú aboyún bì. Á wá jókòó jẹ́ẹ́, kò ní jẹ, kò ní rìn káàkiri, wọ́n á sì tún fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti lẹ́yìn wákàtí méjì. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2013, tí ṣúgà bá ti tó 5.1 mmol/L kó tó mu ún, tàbí 10.0 lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí 8.5 lẹ́yìn wákàtí méjì, àtọ̀gbẹ inú oyún ni. Inú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní HAPO ni wọ́n ti fa ìlànà yìí yọ. Ó jáde ní 2008 lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ aboyún tó lé ní 23,000 wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, ohun tó sì ń wò jù ni ewu tó lè kan ọmọ: bóyá ọmọ á tóbi jù, bóyá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á fi gbé e. Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé ohun mìíràn ni àwọn tó kọ́kọ́ fi òǹkà sí àyẹ̀wò yìí ń wá. Ní 1964, John O'Sullivan àti Claire Mahan ní Boston, ní Amẹ́ríkà, lo èsì àyẹ̀wò aboyún 752 láti fi mọ èwo nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni àtọ̀gbẹ máa mú lẹ́yìn ọ̀la. Ọjọ́ ọ̀la ìyá ni ìbéèrè wọn. A di àyẹ̀wò náà mú títí dòní, ìbéèrè tó bí i la jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mí gan-an.

Ẹ̀rí wo ló wà pé ara tó ń bá ara rẹ̀ jà wà nínú ọ̀ràn yìí? Ní 1974, Gian Franco Bottazzo, Deborah Doniach àti ẹnì kẹta wọn ní Lọ́ńdọ̀nù rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ kan pé àwọn áńtíbọ́dì wà níbẹ̀ tó dojú kọ sẹ́ẹ̀lì pancreas. Áńtíbọ́dì yìí ni ipa ẹsẹ̀ tí ọmọ ogun fi sílẹ̀ níbi tó gbà kọjá. Tí a bá rí i, a mọ̀ pé ogun wà nítòsí. Nígbà tí wọ́n wá a lára àwọn aboyún tó ní àtọ̀gbẹ inú oyún, wọ́n rí i lára àwọn kan, nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí kò sì tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn ará Jámánì ló wá fi hàn wá ibi tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ń lọ. Nínú ìwádìí tó jáde ní 1997, wọ́n tẹ̀ lé obìnrin 437 tó ti ní àtọ̀gbẹ inú oyún. Kí ọdún méjì tó pé lẹ́yìn ìbímọ, ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní áńtíbọ́dì ti ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. Ìdá méjì péré ni láàárín àwọn tí kò ní in. Bí oríṣi áńtíbọ́dì náà ṣe ń pọ̀ sí i lára ẹnì kan ni ewu ń ga sí i: ìdá 17 fún ẹni tó ní ẹyọ kan, 61 fún ẹni tó ní méjì, 84 fún ẹni tó ní mẹ́ta. Ẹ ronú sí òǹkà tó kẹ́yìn yẹn. Obìnrin tó ní áńtíbọ́dì mẹ́ta ń gbé ọmọ rẹ̀ jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi í léèrè.

Ìwádìí mìíràn láti ìlú Oulu ní Fínláńdì, tó jáde ní 2020, tẹ̀ lé obìnrin 391 tó ní àtọ̀gbẹ inú oyún fún ọdún 23. Ìdá 50.4 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló padà ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ìdá 5.7 ló ní oríṣi kìíní. Ohun tó gbà mí láfiyèsí jù níbẹ̀ ni àkókò. Oríṣi kejì ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún títí wọ́n fi parí ìwádìí náà. Oríṣi kìíní ní tirẹ̀ kò dúró: láàárín ọdún méje àkọ́kọ́ ló ti mú gbogbo ẹni tó máa mú. Ọmọ tí obìnrin náà bí kò tíì kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà.

Mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu mi níbí, nítorí àwọn kan lè gbọ́ ọ bí ẹni pé oyún ló fa àìsàn, tàbí pé ṣúgà tó ga ló rán àwọn ọmọ ogun náà níṣẹ́. Ẹ̀rí kò sọ bẹ́ẹ̀. Áńtíbọ́dì tí àwọn ará Jámánì wọ̀n ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin náà kí wọ́n tó kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Iṣẹ́ tí oyún ṣe ni pé ó di ẹrù lé pancreas, àárẹ̀ tó ti wà lára pancreas sì hàn síta. Àmọ́ ìbímọ fúnra rẹ̀ náà kò wá láìyí ètò ààbò ara padà. Nígbà oyún, ara ìyá máa ń rọ àwọn ọmọ ogun yìí lójú kan kí wọ́n má bàa bá ọmọ inú jà, nítorí ìdajì ohun tí ọmọ jẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, àjèjì ló sì jẹ́ lójú wọn. Tí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n á tún dìde. Philip Hench ti kíyè sí i ní 1938 pé làkúrègbé tó máa ń wú oríkèé máa ń fi aboyún lára sílẹ̀, á sì padà wá lẹ́yìn ìbímọ. Ní 1982, Nobuyuki Amino àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáàn rí i pé nǹkan bí obìnrin mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ni táírọ́ìdì wọn ń dàrú láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ̀yà tó wà níwájú ọ̀fun, tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, ni táírọ́ìdì. Obìnrin tó bá ti ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, ewu yìí tó ìlọ́po mẹ́ta lára rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ogun tó bá ti ṣìnà síbì kan kì í sábà dúró síbì kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó wà níwájú wa ju ṣúgà nìkan lọ.

Ẹ wo bí àìsàn táírọ́ìdì yìí ṣe máa ń rí nílé. Láàárín oṣù kìíní sí ìkẹrin, àyà ìyá á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á máa bò ó, á sì máa rù. Àwọn ará ilé á ní ọmọ ló ń mu ún gbẹ. Nígbà tó bá di bí oṣù karùn-ún, á yí padà: òtútù á máa mú un nígbà tí ooru ń mú àwọn yòókù, ìgbẹ́ á le, oorun kò ní tó o, ayé á sú u. Wọ́n á ní ó ti di ọ̀lẹ, tàbí pé ó ń ronú jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo lè fi hàn pé táírọ́ìdì ni, oògùn kan lójúmọ́ sì lè gbé e dìde. Lára ọ̀pọ̀, ara á padà bọ̀ sípò kí ọdún tó yí po. Lára àwọn kan, kò ní padà mọ́.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé àwọn obìnrin tí mò ń sọ yìí kéré níye, pé oríṣi kejì ló ń pa àwọn èèyàn wa, pé ṣe ni ọ̀rọ̀ bí èyí á máa da ẹ̀rù bo ìyá ọmọ tuntun. Òótọ́ ni pé wọ́n kéré. Òǹkà Oulu tí mo kà fún yín lẹ́ẹ̀kan fi hàn pé oríṣi kejì tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án oríṣi kìíní, ìwádìí ńlá kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn BMJ ní 2020 sì sọ pé ewu oríṣi kejì lára ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ inú oyún tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ẹlòmíràn. Àmọ́ iye nìkan kọ́ la fi ń wọn ewu. Oríṣi kejì máa ń fún èèyàn láyè ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ti oríṣi kìíní, tí ínsúlínì bá tán, ara á máa fi ọ̀rá ṣe agbára, ásíìdì á kún inú ẹ̀jẹ̀, obìnrin náà á máa bì, inú á máa run ún, á máa mí gúlegúle, èémí rẹ̀ á sì máa rùn bí èso tó ti kẹ̀. Nílẹ̀ wa, ibà ni wọ́n á kọ́kọ́ pè é. Wọ́n á fún un ní oògùn ibà, wọ́n á fa omi sí i lára, nígbà mìíràn omi ṣúgà gan-an ni wọ́n á fà sí i. Ní ti ẹ̀rù tí wọ́n sọ, ẹni tí wọ́n bá sọ òótọ́ fún pẹ̀lú sùúrù kì í bẹ̀rù tó ẹni tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn láàárín òru láìmọ ohun tó ń ṣe é.

Ohun kan wà tó wúwo ju èyí lọ tí wọ́n lè fi ko mí lójú, mi ò sì fẹ́ sáré kọjá lórí rẹ̀. Ara àwọn òyìnbó Jámánì àti Fínláńdì ni wọ́n ti ṣe ìwádìí méjèèjì tí mo kà lórí oríṣi kìíní. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wa rí bákan náà? Ní 2025, àwọn onímọ̀ tí Jean Claude Katte ṣáájú wọn gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti pè ní alátọ̀gbẹ oríṣi kìíní ní Kamẹrúùnù, Ùgáńdà àti Gúúsù Áfíríkà. Nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò ní áńtíbọ́dì kankan. Bákan náà, ní 1994, àwọn dókítà ní àdúgbò Flatbush ní Brooklyn ròyìn àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú tí ásíìdì kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọn kò sì ní áńtíbọ́dì. Àwọn kan nínú wọn padà jáwọ́ nínú ínsúlínì. Ohun tí ẹ̀rí yìí ń kọ́ wa ni pé àyẹ̀wò áńtíbọ́dì tí kò rí nǹkan kò tó láti fi sọ fún obìnrin wa pé kó máa lọ lálàáfíà. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ pé àyẹ̀wò tó bá rí nǹkan ń parọ́: ìdá 35 tó kù ní in. Torí náà, lára obìnrin wa, dókítà ní láti wo obìnrin náà fúnra rẹ̀ kó tó wo bébà. Ṣé ó tẹ́ẹ́rẹ́? Ṣé kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún? Ṣé ínsúlínì ni wọ́n fi tọ́jú ṣúgà rẹ̀ nígbà oyún, tí ṣúgà àárọ̀ rẹ̀ sì ga ju bó ṣe yẹ lọ? Ṣé ó ń rù láìgbààwẹ̀? Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì láti kékeré, tàbí tí gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ yọ ojú? Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fún méjì nínú ìwọ̀nyí, lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n wá áńtíbọ́dì lára rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò léraléra bí wọn kò tilẹ̀ rí i.

Àwọn mìíràn á ní, tí a bá mọ̀ ọ́n tán, kí la fẹ́ ṣe sí i, níwọ̀n ìgbà tí a kò lè dá ogun náà dúró? Èsì kìíní ni pé ìmọ̀ràn tó bá oríṣi kejì mu kò bá oríṣi kìíní mu pátápátá. Àwọn ará Jámánì kan náà tẹ̀ lé àwọn obìnrin wọn fún ọdún tó tó 19, wọ́n sì rí i ní 2012 pé láàárín àwọn tí kò ní áńtíbọ́dì, ọdún 12.3 ló gbà kí àtọ̀gbẹ tó mú ìdajì àwọn tó fún ọmọ lọ́yàn. Fún àwọn tí kò fún ọmọ lọ́yàn, ọdún 2.3 ni. Ẹ̀bùn ńlá ni ọyàn, kí gbogbo ìyá fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn. Àmọ́ obìnrin tó ní áńtíbọ́dì kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ọyàn, ìdín-sísanra-kù àti oògùn oníhóró bí ẹni pé wọ́n á gbà á. Ínsúlínì ni ara rẹ̀ máa fẹ́, àsìkò tí yóò fẹ́ ẹ ni kí a mọ̀. Èsì kejì ni pé ọ̀rọ̀ "a kò lè dá a dúró" kò pé mọ́ bó ṣe pé tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn teplizumab, tí ìwádìí 2019 ti fi hàn pé ó ń sún àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní síwájú ní nǹkan bí ọdún méjì lára àwọn tí ewu rẹ̀ ti ga. Owó rẹ̀ ti pọ̀ kọjá ohun tí apá ìdílé wa ká, mi ò ní fi tàn yín. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé ẹni tí a kò mọ̀ pé ó wà nínú ewu kò ní jàǹfààní oògùn kankan, lónìí tàbí lọ́la.

Ó kù ọ̀rọ̀ owó àti àsìkò. Owó àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa fi ń tọ́jú ara, ìyá ọmọ tuntun kò sì ráyè sùn, ká tó wá sọ pé kó lọ tò sílé ìwòsàn. Àmọ́ ó ti ń tò tẹ́lẹ̀ nítorí ọmọ. Ìlànà àwọn onímọ̀ àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà ni pé kí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò gúlúkóòsì fún obìnrin náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí méjìlá lẹ́yìn ìbímọ, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún kan sí mẹ́ta sí ara wọn títí ayé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni a sì ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ táírọ́ìdì ní kí wọ́n yẹ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní wò ní oṣù kẹta àti oṣù kẹfà. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ mìíràn, oṣù kẹfà ni wọ́n ń fún un ní fítámì A. Ọjọ́ ọmọ àti ọjọ́ ìyá bára mu bí ẹni pé wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn. Kí ló wá dé tí nọ́ọ̀sì á fi gba káàdì ọmọ, tó máa wọn ọmọ, tó máa fún un lábẹ́rẹ́, tí kò ní sọ fún ìyá tó gbé e lọ́wọ́ pé, "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí, torí a fẹ́ yẹ ṣúgà tiyín náà wò"? Àyẹ̀wò gúlúkóòsì kò wọ́n. Àyẹ̀wò táírọ́ìdì wọ́n jù ú lọ díẹ̀. Ti áńtíbọ́dì ló wọ́n jù, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a fi mọ sára àwọn tí ìbéèrè tí mo kà lókè bá tọ́ka sí.

Kí obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ inú oyún tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n kọ ohun mẹ́ta sára káàdì rẹ̀: ọjọ́ tó máa padà wá fún gúlúkóòsì, àmì tó máa gbé e wá kí ọjọ́ náà tó pé, ìyẹn òùngbẹ tí kì í tán, ìtọ̀ òru àti rírù, àti pé kó má ṣe lóyún mìíràn láìkọ́kọ́ yẹ ṣúgà wò. Èyí tó kẹ́yìn ló ń fò wá ru jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni ọkàn ọmọ ń dá, ọ̀pọ̀ obìnrin kò sì tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà náà. Bí àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní bá ti wọlé láàárín ọmọ kìíní sí ìkejì láìsí ẹni tó mọ̀, inú ẹ̀jẹ̀ tó kún fún ṣúgà ni ọkàn ọmọ kejì á ti dá, àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ 24 á sì ti pẹ́ jù fún un.